Éjẹ́ǹtì Tó Mọ Ìtàn Ilẹ̀: Bí Mo Ṣe Ra Púlọ́ọ̀tì Kan Nítòsí LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi wá ilẹ̀ tí n ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà sí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítòsí ifásitì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, éjẹ́ǹtì méjì ni mo sì bá rìn kí ọwọ́ mi tó tẹ ohun tí mo ń wá. Ẹni àkọ́kọ́ gba owó fọ́ọ̀mù àti owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, ó mú mi lọ wo ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ti da yanrìn sí, nígbà tí mo sì béèrè ẹni tó ni yanrìn, ó ní kí n má da ara mi láàmú. N kò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ ju báyìí lọ. Ẹni kejì ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tó ṣe fún mi yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn éjẹ́ǹtì ní Ìbàdàn tí mo ti ń gbé láti ogún ọdún. Mo gbà pé ẹni tó bá ń gbèrò láti ra ilẹ̀, tàbí láti gba ilé fún ọmọ rẹ̀ ní àwọn àdúgbò wọ̀nyẹn, yóò rí nǹkan mú nínú ohun tí mo rí, àti èyí tó dára àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó.

Bíríkìlà ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀. Yóò ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Kò ní ọ́fíìsì. Bẹ́ǹṣì kan níwájú ìsọ̀ oníṣìmẹ́ǹtì ló máa ń jókòó sí, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn dúdú kan tó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá bá a dòwò pọ̀ sí. Ẹnì kan tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló júwe rẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ilẹ̀ ni a ń lọ wò, ṣùgbọ́n ìta ààfin Ṣọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́, ló mú mi lọ. A kò wọlé. Ó kàn dúró létí títì, ó nawọ́ sí apá ibi tí àwọn àdúgbò àtijọ́ wà, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká ti ìdí ọ̀rọ̀ wá. Ẹni tí kò bá mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá oko níbì kan, kò lè mọ ẹni tó tọ́ kó gba owó ilẹ̀ ibẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi, nítorí pé oòrùn ti ń mú, ó sì ti rẹ̀ mí láti inú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn ọjọ́ yẹn ló yọ mí nínú àṣìṣe tí ì bá gbé owó tí mo ti ń tọ́jú láti ọdún mẹ́jọ mì.

Gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ ìtàn Ògúnlọ́lá ọdẹ, tó tẹ̀ dó sí ìdí igi Àjàgbọn, tó sì gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń da àwọn ará Ọ̀yọ́ láàmú, lọ bá Aláàfin, tí ìlú náà fi gba orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí ni pé Ògúnlọ́lá kọ́ ni ọdẹ àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé Aálẹ̀ ti wà ní Òkè-Ẹlẹ́rin, Òrìṣàtólú sì ti wà ní Ìsapa, kí àwọn àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wọn tó para pọ̀ di ẹgbẹ́ Alóńgò lábẹ́ Ògúnlọ́lá. Nígbà tí ogun Fúlàní tú Ọ̀yọ́-Ilé ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn ìlú tí ogun kò rí kó, àwọn ará Ìkòyí, Ìrẹsà, Ìgbọ́n àti ọ̀pọ̀ ìletò mìíràn sì sá wọ inú odi rẹ̀, wọ́n fún kálukú níbi tí yóò kọ́ agbo ilé sí. Nígbà tí àlàáfíà dé, àwọn kan padà sí ìlú wọn, àwọn kan kò sì padà mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ní í ṣe pẹ̀lú owó púlọ́ọ̀tì gan-an. Ilẹ̀ tí a fún ènìyàn pé kó máa gbé kì í ṣe ilẹ̀ tí a tà fún un, àwọn arọ́mọdọ́mọ ẹni tí wọ́n fún nílẹ̀ kò sì lè tà á bí ẹni pé tiwọn ni láìjẹ́ pé ẹbí tó fún wọn mọ̀ sí i. Láfikún, inú agbo ilé àtijọ́ ni wọ́n ń sin òkú àwọn bàbá wọn sí. Ibojì ń bẹ lábẹ́ ẹ̀ẹ̀dẹ̀ ibẹ̀, ìjòyè ń bẹ tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ilẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí bàbá yìí kì í fi í ta ohunkóhun ní àárín ìlú, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Mo sọ fún un pé ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá rìn ti fi ilẹ̀ kan lọ̀ mí lẹ́yìn agbo ilé kan ní àárín ìlú, ní iye tí kò tó ìdajì ti àdúgbò ilé-ìwé. Ó kàn mi orí. Ó mú mi dé ibẹ̀, a kí àwọn ìyá tó ń sá ẹ̀gẹ́ sórí àpáta fún láfún, ó sì béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń ta ẹ̀yìnkùlé wọn. Wọn kò gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bú sẹ́kún, nítorí pé ibẹ̀ ni ibojì ìyá ọkọ rẹ̀ wà.

Òde odi ìlú ni ilẹ̀ títà ti bẹ̀rẹ̀, oko sì ni gbogbo rẹ̀ nígbà kan. Kí ifásitì tó dé, ilé-ìwòsàn Onítẹ̀bọmi tó bẹ̀rẹ̀ ní 1907, tó ti di ti Ifásitì Bowen báyìí, àti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898, ló ń fa àlejò wá sí ìlú. Àwọn àlejò wọ̀nyẹn kò pọ̀ débi tí wọn yóò sọ oko di àdúgbò. Ọdún 1990 ni ọ̀rọ̀ yí padà, nígbà tí ìjọba dá Ifásitì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, tí wọ́n wá sọ di LAUTECH lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ ìlú náà tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn títí wọ́n fi pa á ní oṣù kìíní ọdún 1966. Bàbá bíríkìlà yìí wà lára àwọn tó ru búlọ́ọ̀kù nígbà náà. Ó sọ fún mi pé àwọn àgbẹ̀ tí kò gbin ju àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í rí àlejò tó wọ bàtà dídán nínú oko wọn, tí wọ́n ń béèrè iye tí wọn yóò gbà.

Báyìí ni Under G, Adénìkẹ́ àti Stadium ṣe di ohun tí wọ́n jẹ́ lónìí. Àdúgbò tó sún mọ́ra ni wọ́n, ẹni tó bá gun ọ̀kadà kò ní í mọ ìgbà tó jáde nínú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ìwà wọn kò jọra.

Under G ni ariwo wà. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta oúnjẹ, àwọn tó ń tẹ ìwé, àwọn tó ń ṣe irun àti àwọn tó ń tún fóònù ṣe fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì ń gbé níbẹ̀ kò nílò owó ọkọ̀ lọ sí kíláàsì. Nítorí náà ni owó ilé ibẹ̀ ṣe le. Kò sí ilẹ̀ òfìfo kankan tí wọ́n fi hàn mí níbẹ̀. Ilé àtijọ́ oníyàrá kọjúsíra-wọn kan, tí àwọn ọmọ olóògbé fẹ́ tà kí wọ́n lè pín owó rẹ̀, ni ohun kan ṣoṣo tó wà. Bàbá gbà mí níyànjú pé bí mo bá rà á, wíwó ni n ó wó o, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìsinsìnyí ń fẹ́ yàrá tó ní balùwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀, wọn kò fẹ́ kí ènìyàn mẹ́wàá máa to ìlà ilé ìwẹ̀ kan.

Ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní ilé náà ló la ojú mi sí ohun tí éjẹ́ǹtì kankan kò sọ fún mi. Bí mo ṣe ń wo kànga, ó jáde pẹ̀lú garawa, ó sì ju okùn sínú rẹ̀. Mo ka kókó mẹ́ta lára okùn náà. Nígbà tí mo béèrè ìdí, ó ní gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ bá ti mú tí omi sì ti lọ sílẹ̀ ni àwọn máa ń so okùn tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀, àti pé láti oṣù kejì lọ, ẹrẹ̀ ni garawa máa ń bù. Orí àpáta ni ìlú yìí jókòó sí, ẹni tó ń gbẹ́ kànga lè kan òkúta kó tó kan omi, omi ẹ̀rọ ìjọba kò sì ṣeé gbára lé. Lójú tèmi, ó yẹ kí bàbá yìí ti sọ ọ̀rọ̀ omi kí n tó béèrè. Ó mọ̀. Ó ní òun rò pé gbogbo ènìyàn ló mọ̀. Mo sọ fún un pé ẹni tó wá láti ìlú mìíràn kò lè mọ̀, mo sì dúpẹ́ pé kò jiyàn; láti ọjọ́ yẹn, kànga àwọn aládùúgbò ni a kọ́kọ́ ń wò níbikíbi tí a bá dé.

Ọmọbìnrin náà tún ṣí ìwé owó ilé rẹ̀ fún mi. Lọ́dún àkọ́kọ́, yàtọ̀ sí owó ilé, ó san kọmíṣọ̀n, ó san àgírímẹ́ǹtì, ó sì san owó kọ́ṣọ̀n tí wọ́n ní àwọn yóò dá padà bí kò bá ba nǹkan jẹ́. Kí òbí tó bá ń wá yàrá fún ọmọ má ṣe gbọ́ iye owó ilé nìkan kó wá mú iye yẹn dání. Kó béèrè gbogbo owó tí wọn yóò gbà lọ́dún àkọ́kọ́, kó sì gba rìsíìtì owó kọ́ṣọ̀n lọ́tọ̀.

Adénìkẹ́ rọ̀ ju Under G lọ. Mo rí àwọn ilé alájà méjì tí wọ́n kọ́ tìtorí akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú ọgbà, géètì àti táńkì omi lókè, àti àwọn òṣìṣẹ́ ifásitì tó kọ́ ilé tiwọn sáàárín. Stadium ní tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ìlú dáadáa: ọmọ ìlú, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò jọ ń gbé, bí ilé-ìwé bá sì wà ní títì, ìgbésí ayé ń lọ níbẹ̀ bó ti yẹ. Èyí ṣe pàtàkì ju bí àwọn olùtajà ilẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991, ìpínlẹ̀ méjèèjì ló jọ ni LAUTECH, àìfẹnukò wọn lórí owó tí kálukú yóò san sì mú kí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ dúró, tí ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 fi ti ilé-ìwé pa fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọnú ọdún 2017. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá pé báwo ni ọjà ilé ṣe rí nígbà náà. Kò dáhùn, ìwé ẹlẹ́yìn dúdú rẹ̀ ló ṣí. Ojú ewé ọdún tó ṣáájú kún fọ́fọ́, orúkọ ń fún orúkọ. Lẹ́yìn náà ni ojú ewé kan tí orúkọ mẹ́rin péré wà lórí rẹ̀, méjì nínú wọn ni àwọn onílé tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn ta ilé. Oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan wá di oní-LAUTECH, ojú ewé láti ìgbà náà sì ti kún padà. Mo fọwọ́ kan ojú ewé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo yẹn, mo sì pinnu níbẹ̀ pé yàrá méjì nínú mẹ́fà tí n ó kọ́ yóò jẹ́ irú èyí tí ẹbí kékeré lè gbé, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan.

Ẹ̀yìn Adénìkẹ́, níbi tí ọ̀dà kò tíì dé, ni a ti rí ilẹ̀ tó wù mí. Púlọ́ọ̀tì kan ní agbègbè wa jẹ́ fíìtì 50 sí 100, kò tó ti Èkó tó máa ń jẹ́ 60 sí 120, nítorí náà kí ẹni tó bá ń fi owó ìlú méjèèjì wéra máa rántí pé púlọ́ọ̀tì kò bá púlọ́ọ̀tì dọ́gba. Bàbá mú téèpù jáde nínú àpò rẹ̀, ó fún mi ní orí rẹ̀ mú, ó sì fa ìyókù gba inú koríko kọjá. Fíìtì 43 ni ìbú rẹ̀. Ọmọ ẹbí tó ń tà á ní ojú ọ̀nà ló gba ìyókù. Bàbá ní, “Ojú ọ̀nà kì í ṣe ohun tí Màmá ń rà,” ó sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi sún òpó ẹ̀yìn sẹ́yìn, tí ìwọ̀n náà fi pé. Mo ti ra ilẹ̀ rí ní Ìbàdàn, kò sí éjẹ́ǹtì tó wọn ilẹ̀ lójú mi rí.

Ibi tó ti ṣiṣẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ ẹbí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́kọ́ fi ilẹ̀ náà lọ̀ wá ń fẹ́ owó lọ́jọ́ náà, ó sì ti mú rìsíìtì dání. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní a kò ní í san kọ́bọ̀ kan títí a ó fi jókòó pẹ̀lú olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ní ilé wọn nínú ìlú. Òfin wà lẹ́yìn ohun tó sọ: bí ọmọ ẹbí kan bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò tà rárá lójú ilé ẹjọ́, bí olórí ẹbí bá sì tà á láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹbí yòókù, àwọn yẹn lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n fagi lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kọjá kí a tó rí gbogbo wọn pa pọ̀. Lọ́jọ́ náà, olórí ẹbí, bàbá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ní kí wọ́n ka orúkọ àwọn ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí òun létí, kí ẹni kọ̀ọ̀kan sì dáhùn. Ẹ̀ka kẹta kò dáhùn. Ó ní kí a máa lọ, kí a padà wá. A padà lọ lọ́jọ́ kẹsàn-án, obìnrin kan tó ti Ìlọrin wá sì jókòó níbi tí àlàfo wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi obì àti owó jọ, wọ́n fọwọ́ síwèé, lọ́yà mi náà fọwọ́ sí i, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sì wà lára àwọn ẹlẹ́rìí.

Ní ti ìwé, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ ìkáwọ́ gómìnà, ìjọba sì lè ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ kan tipẹ́ kí àwọn ọmọ onílẹ̀ tó máa tà á. Rìsíìtì ẹbí kò lè fi èyí hàn. Sọ́fẹ́yọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ló lè mú nọ́ńbà ibi tí ilẹ̀ náà wà lọ sí ọ́fíìsì sọ́fẹ́yọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ ní Ìbàdàn láti wò ó bóyá ọwọ́ ìjọba wà lórí rẹ̀. Bàbá ló sọ pé kí a ṣe èyí kí a tó sanwó, kò sì béèrè owó kankan lórí rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo wá sọ́fẹ́yọ̀, ó sì wù mí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò yẹ kí ẹni tó ń gba kọmíṣọ̀n lórí títà ilẹ̀ tún jẹ́ ẹni tí yóò yan olùyẹ̀wò.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn kò ju mẹ́ta lọ. Mo ti sọ ti omi. Kọmíṣọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́wàá iye ilẹ̀, ó sì ga fún ẹni tí kò ní ọ́fíìsì. Kò sọ ọ́ fún mi títí di ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí mo béèrè. Ó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta, kì í gbé fóònù lọ́sàn-án. Ẹni tó bá ń wá a gbọ́dọ̀ dé ibi bẹ́ǹṣì rẹ̀, èyí sì ṣòro fún àwa tí a ń gbé ìlú mìíràn. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo wọkọ̀ láti Ìbàdàn tí mi ò bá a.

Síbẹ̀, mo san kọmíṣọ̀n náà pé, mo sì fi ẹ̀bùn aṣọ kan kún un fún ìyàwó rẹ̀ tó ń fún wa ní omi mu. Bí mo bá tún fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, bẹ́ǹṣì iwájú ìsọ̀ oníṣìmẹ́ǹtì yẹn ni n ó kọ́kọ́ lọ.

Ìwé sọ́fè náà tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo mú un lọ sí orí ilẹ̀ náà, mo lóṣòó níbi igun kọ̀ọ̀kan, mo fi ọwọ́ gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára òkúta ààlà tí sọ́fẹ́yọ̀ rì síbẹ̀, mo sì ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sókè fún bàbá, tí òun ń wò ó nínú ìwé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu. Àwọn agbẹ́kànga ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.